Kòtò omi tí wọ́n ń gbá lọ́dọọdún, báwo ni a ṣe ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀? (Dáàmù àti ipa omi ìgbà Sípéènì ní San Antonio, Texas)

Ọmọ_Ògùnpa

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìbéèrè kan ni ó gbé mi dé ibí. Ní San Antonio, ní ìpínlẹ̀ Texas, dáàmù àtijọ́ kan wà lórí odò San Antonio tí wọ́n ń pè ní Espada. Àwọn fada Franciscan àti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó ń gbé lábẹ́ míṣọ̀n wọn, ìyẹn ibùdó ìjọ tí fada ń darí, ni wọ́n kọ́ ọ láàárín 1731 sí 1745, kí omi lè yà kúrò nínú odò, kí ó gba kòtò gígùn kan, kí ó gun afárá olókùúta kọjá lórí odò kékeré tó ń jẹ́ Piedras, kí ó tó dé oko míṣọ̀n San Francisco de la Espada. Omi ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá títí di òní olónìí.

Ohun tí kò yé mi nìyí. Kòtò omi tí ènìyàn bá ń lò, dandan ni kí wọ́n máa gbá a, nítorí ẹrẹ̀ àti koríko á dí i. Bí wọ́n bá ti ń gbá a fún ohun tó lé ní igba ọdún, ohunkóhun tí ó bọ́ sínú rẹ̀ ní 1740 ti bá ọkọ́ jáde tipẹ́. Kí ni awalẹ̀pìtàn wá ń rí tí ó fi lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìgbà Sípéènì, nígbà tí Sípéènì ń ṣàkóso Texas, ni wọ́n gbẹ́ ẹ? Ṣé ilẹ̀ ni ó sọ fún un, àbí ìwé ni ó kà, tí ó wá ń sọ pé ilẹ̀ ló wí bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Àjàní_Houston

O kú ìbéèrè, Ọmọ Ògùnpa. Ìwé ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Ọdún 1718 ni gómìnà Martín de Alarcón àti fada Antonio de San Buenaventura y Olivares dá míṣọ̀n San Antonio de Valero sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Alamo lónìí, kò sì pẹ́ rárá tí iṣẹ́ ipa omi fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Míṣọ̀n San José tẹ̀ lé e ní 1720. Ní 1731, míṣọ̀n mẹ́ta, ìyẹn Concepción, San Juan àti Espada, ṣí kúrò ní ìlà-oòrùn Texas wá sí etí odò yìí kan náà, ọdún yẹn sì ni àwọn àgbẹ̀ láti àwọn erékùṣù Canary dé, tí wọ́n dá ìlú San Fernando sílẹ̀. Ẹ wò ó: míṣọ̀n márùn-ún àti ìlú kan, odò kan ṣoṣo, olúkúlùkù sì ń wá omi fún àgbàdo, ẹ̀wà, ata àti òwú rẹ̀. Ibi tí omi bá ti di ọ̀rọ̀ ìjà, ìwé kì í wọ́n níbẹ̀. Àwọn ará Canary àti àwọn fada pe ara wọn lẹ́jọ́ títí. Àwọn fada kọ ìròyìn àbẹ̀wò, irú èyí tí wọ́n kọ ní 1745 àti 1762. Joseph de Urrutia ya àwòrán ilẹ̀ náà ní 1767. Nígbà tí wọ́n sì gba ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ míṣọ̀n ní 1793 àti 1794, tí wọ́n pín in fún àwọn olùgbé, ẹ̀tọ́ sí omi bá ilẹ̀ náà lọ, a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ipa omi báyìí ni ààlà rẹ̀ ní apá báyìí.

Nítorí náà, 1731 sí 1745 tí o kà yẹn, ìwé ni ó fún wa. Ní tèmi, kòtò tí kò yéé ṣiṣẹ́ kò lè sọ ọdún tí wọ́n bí i fún ẹnikẹ́ni. Ọdún tí ó kú ni ilẹ̀ máa ń sọ, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá dẹ́kun gbígbá a ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sínú rẹ̀.

Ìyá_Aláàpáàdì

Ẹ̀gbọ́n Àjàní, mo kí yín o. Mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ nípa ìwé, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a sọ ilẹ̀ di odi.

Bí àwọn awalẹ̀pìtàn bá gé ilẹ̀ ní ìdábùú kòtò, tí wọ́n sì há ògiri ihò náà títí ó fi mọ́ tónítóní, àyípadà àwọ̀ ni ojú kọ́kọ́ máa ń rí. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí ní agbègbè yẹn a máa funfun, a sì máa le, nítorí ẹfun tó wà nínú rẹ̀. Ojú kòtò yóò wá hàn nínú funfun yẹn bí igbá tí wọ́n là sí méjì. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn wà, èyí tí omi tó ń sáré gbé wá. Lórí rẹ̀ ni ẹrẹ̀ dúdú tó kúnná, tó sì ń ṣí ní ìpele ìpele, tó fi hàn pé omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jẹ́jẹ́. Ìkarahun ìṣáwùrú wẹ́wẹ́ a máa wà nínú rẹ̀, nítorí ìṣáwùrú kì í fẹ́ omi tó ń gbá a lọ. Lókè èyí ni pàǹtírí: eérú, egungun màlúù, ìṣó onípata, àfọ́kù ìgò àti àpáàdì. Ìpele òkè yìí ni ikú kòtò tí ẹ̀gbọ́n ń wí.

Ṣùgbọ́n ibi méjì wà tí ìbẹ̀rẹ̀ máa ń fara pamọ́ sí. Èkíní ni ẹ̀gbẹ́ kòtò. Àwọn tó ń gbá a kì í tẹ̀ lé ojú ìlà kan náà lọ́dọọdún: ní ọdún kan wọ́n á jẹ ìhà ọ̀tún díẹ̀, ní ọdún mìíràn wọ́n á ṣẹ́ ìhà òsì kù, ohun tí wọ́n bá ṣẹ́ kù yóò sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò gẹ́gẹ́ bí àjẹkù. Èkejì, tí èmi fẹ́ràn jù, ni abẹ́ òkìtì. Erùpẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ jáde, bèbè ni wọ́n dà á sí, ó sì bo ojú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà mọ́lẹ̀. Ohun tó bá wà lábẹ́ òkìtì yẹn ti wà kí kòtò tó wà. Ohun tó bá wà nínú òkìtì fúnra rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ni gbogbo ohun tí ọkọ́ ti gbá jáde, láti ọdún dé ọdún. Nítorí náà, ohun tí Ọmọ Ògùnpa sọ pé ó ti bá ọkọ́ jáde, kò lọ jìnnà, orí bèbè ni ó wà.

Àpáàdì ni a fi ń ka ọdún níbẹ̀. Àwo dídán aláwọ̀ búlúù lórí funfun, tí wọ́n ń ṣe ní Puebla ní Mẹ́síkò, wà ní gbogbo ọ̀rúndún kejìdínlógún. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní San Elizario, tí ìlà dúdú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú yí àwọ̀ búlúù rẹ̀ ká, bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn ní nǹkan bí 1750. Bí ẹ bá sì rí àwo Òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ òdòdó sí lára, ẹ ti bọ́ sí ọ̀rúndún kọkàndínlógún nìyẹn. Ọ̀nà mìíràn tún wà, èyí tí wọ́n ti lò lórí àwọn kòtò àtijọ́ ní Arizona: wọ́n a máa wọn ìmọ́lẹ̀ tó há sínú hóró yanrìn, láti mọ ìgbà tí oòrùn kan yanrìn náà gbẹ̀yìn.

Kọ́lá_Bíríkìlà

Ẹ kú àlàyé, mà. Bíríkìlà ni mí, ọ̀rọ̀ òkúta ni mo fẹ́ bi yín. Nínú àwọn fọ́tò tí mo rí, òkúta ẹfun ni wọ́n fi tẹ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò méjèèjì, ó sì gún régé. Ṣé iṣẹ́ àwọn Sípéènì ni?

Àjàní_Houston

Kọ́lá, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Erùpẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn kòtò ìgbà Sípéènì. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n jẹ́ kí omi gbà á, ó parí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí San Antonio ti di ìlú Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi òkúta tẹ́ púpọ̀ nínú àwọn apá tó gba àárín ìlú kọjá, kí bèbè má baà máa ya lulẹ̀ sí ojú títì. Ènìyàn á rí òkúta àtàtà, á ní iṣẹ́ fada ni, bẹ́ẹ̀ àwọn bíríkìlà ìgbà àwọn baba ńlá àwọn tó ń gbé ìlú náà lónìí ni wọ́n tẹ́ ẹ.

Àrùn onígbáméjì pa ènìyàn púpọ̀ ní ìlú náà ní 1849 àti ní 1866, inú kòtò wọ̀nyí sì ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń pọn omi mímu. Ní 1878 ni omi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Láti ìgbà yẹn, kòtò àárín ìlú di ibi ìdàdọ̀tísí, nígbà tí ọ̀rúndún ogún sì fi wọlé dáadáa, wọ́n ti dí èyí tó pọ̀ jù pa. Ìdí nìyí tí ìpele pàǹtírí tí Ìyá Aláàpáàdì sọ fi máa ń kún fún ìgò àti agolo.

Àdùnní_Ìtàn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i. Láti òkè ni gbogbo yín ti ń sọ "ti Sípéènì". Ta ni ó gbé ọkọ́? Fada méjì ni ó sábà máa ń wà ní míṣọ̀n kan, pẹ̀lú ọmọ ogun díẹ̀. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí a ń pè ní Coahuiltecan, tí àrùn àti ogun àwọn ẹ̀yà Apache ti lé wá sábẹ́ míṣọ̀n, ni wọ́n gbẹ́ kòtò, tí wọ́n gbé òkúta, tí wọ́n sì gbá ẹrẹ̀ lọ́dọọdún lábẹ́ àṣẹ. Ní New Mexico pàápàá, nígbà tí Juan de Oñate, olórí àwọn Sípéènì tó wá tẹ̀dó síbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ipa omi ìlú rẹ̀ ní August 1598, àkọsílẹ̀ tiwọn fúnra wọn sọ pé nǹkan bí 1,500 ọmọ ìbílẹ̀ ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ló dé tí orúkọ ẹni tó pàṣẹ nìkan fi dúró lára nǹkan?

Ẹ tún wo Arizona. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí a ń pè ní Hohokam ti gbẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún máìlì kòtò omi sí ibi tí Phoenix wà lónìí kí ọkọ̀ ojú omi Columbus tó gbéra. Ní Las Capas, nítòsí Tucson, wọ́n hú kòtò ìbomirin oko jáde tí ó lé ní ọdún 3,000. Ta ni ó wá ń kọ́ ta ni níṣẹ́?

Ìyá_Aláàpáàdì

Àdùnní, mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ṣiṣẹ́, n kò sì ní jiyàn rárá. Lórí ọ̀rọ̀ ìmọ̀, ẹ jẹ́ kí a ya ibì kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ní Tucson àti Phoenix, kòtò ọmọ ìbílẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀, kòtò míṣọ̀n sì lè tẹ̀ lé ipa kan náà, nítorí náà awalẹ̀pìtàn tó bá rí kòtò níbẹ̀ kò gbọdọ̀ kánjú dárúkọ ẹni tó ni ín. Ní San Antonio, ọdẹ àti aṣa-èso-jọ ni àwọn Coahuiltecan, wọn kì í bomi rin oko kí míṣọ̀n tó dé. Ọgbọ́n ipa omi wá láti òkèèrè: láti Sípéènì, níbi tí àwọn Mùsùlùmí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, láti erékùṣù Canary, àti láti àríwá Mẹ́síkò. Ìmọ̀ wá láti ibì kan, agbára wá láti ibòmíràn. Bí ẹni tó ń kọ ìtàn bá sọ ọ̀kan nìkan, ó ti rẹ́ni jẹ.

Ibi tí ọwọ́ ọmọ ìbílẹ̀ ti fara hàn lára iṣẹ́ fúnra rẹ̀ jù lọ ni Mẹ́síkò. Laarin 1554 sí 1571, fada Francisco de Tembleque darí iṣẹ́ afárá omi kan tí gbogbo ipa rẹ̀ gùn tó kìlómítà 48. Ní Tepeyahualco, ọ̀wọ́ ọ̀nà àbàwọlé 68 (ìyẹn òpó òkúta méjì méjì tí orí wọn tẹ̀ bí ọrun pàdé ara wọn) ni ó gbé omi náà kọjá àfonífojì, èyí tó ga jù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 39. Dípò kí wọ́n fi igi ṣe àtìlẹyìn nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀nà àbàwọlé náà, bíríkì amọ̀ tí a kò sun ni wọ́n tò kún inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìkọ́lé àwọn ọmọ ìbílẹ̀, títí òkúta fi gan, kí wọ́n tó kó o kúrò. Àwọn òṣìṣẹ́ náà tún gbẹ́ àmì tiwọn sára òkúta, àwọn àmì náà sì wà níbẹ̀ di òní. UNESCO fi í sínú àwọn ohun ìní àgbáyé ní 2015, ọdún kan náà tí wọ́n fi àwọn míṣọ̀n San Antonio sí i.

Túndé_San_Diego

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú California wá, nítorí dáàmù ibẹ̀ yàtọ̀ gan-an. Ọdún 1769 ni wọ́n dá míṣọ̀n San Diego de Alcalá sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí òkè odò ní 1774. Ọ̀dá ń bá wọn jà léraléra, nítorí náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n kọ́ dáàmù olókùúta sí ọ̀nà tóóró tí odò gbà láàárín àpáta, ó sì parí ní nǹkan bí 1816. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Kumeyaay ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Ó lé ní ẹsẹ̀ 200 ní gígùn, òkúta tí wọ́n fi ẹfun sísun àti yanrìn dè pọ̀ ni, ipa omi tí wọ́n fi táìlì amọ̀ tẹ́ sì gbé omi rẹ̀ lọ sí míṣọ̀n, bíi máìlì márùn-ún sí mẹ́fà. Mo ti dúró lórí bèbè rẹ̀: ibi tí omi ti ń jáde ṣì hàn, àgbájọ òkúta náà nípọn débi tí ènìyàn lè na gbalaja sórí rẹ̀, yanrìn sì ti kún ẹ̀yìn rẹ̀. Táìlì ipa omi ni kò kù tó nǹkan, ìkún omi àti àwọn tó ń wá táìlì fún ilé wọn ti kó o lọ.

Kọ́lá_Bíríkìlà

Ẹ̀gbọ́n Túndé, ẹ ṣeun. Ìyẹn ni mo lè pè ní dáàmù. Ṣùgbọ́n ti Espada tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, mo gbọ́ pé wọn kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Báwo ni ó ṣe wá pẹ́ jù èyí tí wọ́n fi ẹfun dè lọ?

Àjàní_Houston

Igi wẹ́wẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ àti òkúta ńlá ni wọ́n tò ní ìpele ìpele fún un. Omi odò yẹn kún fún ẹfun láti inú orísun rẹ̀, àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé ẹfun náà ń yọ́ sára àwọn òkúta títí gbogbo rẹ̀ fi di ọ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n n kò rò pé ẹfun nìkan ni ó gbà á là. Dáàmù náà kò ga, kò gbìyànjú láti dá odò dúró. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbé ojú omi sókè díẹ̀ kí apá kan lè yà wọ kòtò, ìyókù á gba orí rẹ̀ kọjá. Nígbà tí omi bá kún, kò sí ògiri gíga tí yóò tì. Àtúnṣe tí àwọn tó ń fi omi rẹ̀ dáko ń ṣe sì ni ó mú un dúró, tí ìran kan ń gbé e fún ìran kejì. Ìdí nìyí tí n kì í fẹ́ kí a sọ pé òkúta báyìí báyìí lára rẹ̀ jẹ́ ti 1745. Ìrísí rẹ̀ àti ibi tó wà ni ti 1745, òkúta rẹ̀ lè jẹ́ ti ìgbà èyíkéyìí.

Afárá omi rẹ̀ lórí Piedras ni mo lè fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀nà àbàwọlé méjì ni ó ní, San Antonio Conservation Society, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ohun ìtàn ìlú náà, sì ra ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1937 kí ẹnikẹ́ni má baà wó o.

Lukumí_Èkó

Ẹ má bínú pé mo yà sí Kúbà díẹ̀. Zanja Real, kòtò tó gbé omi odò Almendares wọ Havana, ti pẹ́ ju ti San Antonio lọ: 1566 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 1592 ni omi dé inú ìlú nígbà gómìnà Juan de Tejeda, òkúta tí wọ́n kọ ọ́ sí sì ṣì wà lára ògiri ní Callejón del Chorro, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede kàtídírà. Omi rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi, ilé, ọgbà ẹ̀fọ́ àti ilé iṣẹ́ ṣúgà ń lò. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa dé ibẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kòtò náà ti ń ṣàn fún ohun tó lé ní igba ọdún, òun sì ni wọ́n bá. Títí di òní, àwọn olórìṣà Havana a máa lọ bọ Ọ̀ṣun ní etí Almendares.

Ọmọ_Ògùnpa

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ abẹ́ òkìtì yẹn ni ó yé mi jù, mo sì ti rí i pé ìbéèrè mi kò parí sí ibi tí mo rò. Ẹyọ kan ló kù: ṣé àwọn awalẹ̀pìtàn máa ń yan ibi tí wọ́n á ti gé ilẹ̀ láti wá ìbẹ̀rẹ̀ kòtò, àbí ibi tí ó bá bọ́ sí ni?

Ìyá_Aláàpáàdì

Èyí tó pọ̀ jù, páìpù ni ó ń yàn fún wọn. Láti 1969 ni òfin Texas ti ní kí a gba ìwé àṣẹ kí a tó walẹ̀ sí ibi ìtàn lórí ilẹ̀ ìjọba, nítorí náà bí ìlú bá fẹ́ ri páìpù omi, tàbí tún títì ṣe, tàbí gbin igi sí ọgbà ìtura, awalẹ̀pìtàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ihò páìpù kò fẹ̀, ó sì sábà máa ń gé kòtò àtijọ́ ní ibi tí ìlú ti fọ́ bèbè rẹ̀ pátá. Èyí já sí pé àárín kòtò, níbi tí ikú rẹ̀ wà, ni wọ́n ń rí lọ́pọ̀ ìgbà. Òkìtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ìbẹ̀rẹ̀ lè wà, kò sí mọ́ lábẹ́ ọ̀dà títì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Àjàní bá àárín ìlú mu, tèmi sì bá apá gúúsù mu, níbi tí oko ṣì wà.

Apá gúúsù yẹn náà ti rí nǹkan. Nígbà tí wọ́n ń tún odò gbẹ́ kí ó lè gba ìkún omi, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fi ojú odò àtijọ́ sílẹ̀ fún dáàmù Espada, ṣùgbọ́n odò kúrò lọ́dọ̀ dáàmù San Juan, kòtò rẹ̀ sì gbẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó dá omi padà sínú rẹ̀, oko àfihàn National Park Service, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọgbà àti ibi ìtàn, ni ó sì ń rin báyìí. Bí wọ́n bá gé òkìtì ibẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìbéèrè gidi lọ́wọ́, tí kì í ṣe nítorí páìpù, n óò fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.